Bọ́ǹbù àwọn ọmọ ogun, ọgbẹ́ aráàlú, àti ohun tí ilé ìwòsàn ń kọ sínú fáìlì

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 2023, àwọn Mùsùlùmí abúlé Tudun Biri, ní ìjọba ìbílẹ̀ Igabi, ìpínlẹ̀ Kaduna, péjọ láti ṣe Mọ́lúdì Ànábì. Bàálù tí kò ní awakọ̀, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí drone, tí iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà ń darí, ju bọ́ǹbù sáàárín wọn. Àwọn tó yè é sọ pé nígbà tí àwọn èèyàn sáré wá gbé òkú àti àwọn tó fara pa, bọ́ǹbù kejì tún já lé wọn lórí. NEMA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, kéde pé òkú 85 ni wọ́n ti sin, àti pé èèyàn 66 ń gba ìtọ́jú. Àjọ Amnesty International ní àwọn tó kú ju 120 lọ. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ni. Wọ́n ní àwọn agbésùnmọ̀mí làwọn ń wá, pé àṣìṣe ló gbé bọ́ǹbù dé ọ̀dọ̀ aráàlú, ọ̀gá àgbà wọn nígbà náà, Taoreed Lagbaja, sì lọ sí abúlé náà láti tọrọ àforíjì.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ìròyìn tí a gbọ́ lẹ́yìn náà dá lórí iye òkú, ẹni tó pàṣẹ, àti ìyà tó tọ́ sí ẹni tó ṣẹ̀. Ó tọ́ ká bèèrè gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn tó fara pa, tí wọ́n kó lọ sí Barau Dikko Teaching Hospital ní Kaduna, kò pẹ́ tó fi kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ni ọ̀rọ̀ náà máa wà lára wọn títí ọjọ́ ayé wọn. Ohun méjì tó so kọ́ra ni mo fẹ́ ṣàlàyé: irú ìtọ́jú tí ọgbẹ́ bọ́ǹbù ń fẹ́, àti bí ilé ìwòsàn ṣe ń fi kóòdù kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnìkan lè rò pé iṣẹ́ ọ́fíìsì lásán ni èyí èkejì. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí òun ló máa sọ, tó bá di ọdún mélòó kan, bóyá ẹnikẹ́ni á lè rí i nínú ìwé pé bọ́ǹbù ni ọmọ yìí bá pàdé, kì í ṣe mọ́tò.

Ilé ìwòsàn tó bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa kì í kàn kó fáìlì aláìsàn pamọ́ lẹ́yìn tí onítọ̀hún bá ti padà sílé. Fáìlì náà á kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, tí wọ́n á ka ohun tí dókítà kọ, tí wọ́n á sì sọ ọ́ di lẹ́tà àti nọ́ńbà gẹ́gẹ́ bí ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi pín gbogbo àìsàn àti ìpalára sí ìsọ̀rí, ìyẹn ICD. Ẹ̀dà kẹwàá, ICD-10, ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀dà kọkànlá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, ọdún 2022. Nípa kóòdù yìí ni ìjọba fi ń mọ iye ẹni tí ibà kọlù lọ́dún kan, iye ẹni tí ìjàm̀bá ọkọ̀ ṣe léṣe, àti iye owó tó yẹ kó bọ́ sórí èwo. Ohun tí kò bá sí nínú kóòdù kò sí nínú ìṣirò.

Fún ẹni tó fara pa, ó kéré tán, kóòdù méjì ló yẹ kó wà nínú fáìlì rẹ̀. Èkíní máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S tàbí T, ó sì ń sọ ohun tó ṣe ara: S88 ni ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ já láàárín orúnkún sí ọrùn ẹsẹ̀, S78 ni ti ẹni tó já láti itan, T20 sí T32 sì ni ti iná tó jó ara. Èkejì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú V, W, X tàbí Y, òun ló sì ń sọ ohun tó fà á. Y36 ni ti ogun. Ìwé náà fúnra rẹ̀ sọ pé ó wà fún ìpalára tí ogun tàbí ọ̀tẹ̀ abẹ́lé bá ṣe fún ọmọ ogun àti fún aráàlú. Nínú rẹ̀, Y36.2 ni ti bọ́ǹbù àti àfọ́kù rẹ̀, Y36.3 ti iná, Y36.4 ti ìbọn, Y36.8 sì ni ti èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìjà ti parí, irú bíi bọ́ǹbù inú ilẹ̀ tí àgbẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tó ń lọ sóko.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Fún ẹni tó kú, ohun tó fà á ni ICD kà sí olórí ìdí ikú, nítorí náà Y36.2 ló yẹ kó wà níwájú. Ṣùgbọ́n àwọn tó kú lójú ẹsẹ̀ ní Tudun Biri, sàréè ni wọ́n gbà lọ tààrà láì dé ilé ìwòsàn rárá, nítorí ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò gbà kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Fún ẹni tó yè, kóòdù ọgbẹ́ ló ń ṣíwájú, èyí tó sọ ohun tó fà á sì di àfikún, àfikún yìí gan-an ni wọ́n sì sábà máa ń fò. Òṣìṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi èrò ara rẹ̀ kún ohun tó kà. Ẹ jẹ́ ká wo irú fáìlì bẹ́ẹ̀: lójú ewé àkọ́kọ́, orúkọ, ọjọ́ orí, adírẹ́sì; lójú ewé kejì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti iye ìgbà tí ọkàn ń lù; lẹ́yìn náà ìwé iṣẹ́ abẹ; lópin, ìwé ìdásílẹ̀ tí dókítà tí kò sùn láti ọjọ́ méjì fi ìkánjú kọ pé "ọgbẹ́ púpọ̀, wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì nísàlẹ̀ orúnkún, ó ti sàn díẹ̀". Kò sí bọ́ǹbù níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù á kọ kóòdù ọgbẹ́, á sì pa fáìlì dé. Láti ìgbà náà lọ, lójú ìwé, ẹni yìí ti di ara àwọn tó pàdánù ẹsẹ̀, láìsí ìyàtọ̀ láàárín òun àti ẹni tí tírélà tẹ̀.

Bí dókítà bá tiẹ̀ kọ bọ́ǹbù sílẹ̀, èwo nínú kóòdù bọ́ǹbù? Àwọn òǹkàwé wa á rántí ìbúgbàmù tó ṣẹlẹ̀ ní Bodija, Ìbàdàn, ní ọjọ́ 16, oṣù Kìíní, ọdún 2024, nígbà tí ohun abúgbàmù tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé bú, tó wó ilé lulẹ̀, tó sì ṣe èèyàn tó lé ní àádọ́rin léṣe. Jàm̀bá ni èyí, W40 sì ni kóòdù rẹ̀. Bákan náà ni ti bárékè àwọn ṣọ́jà ní Ìkẹjà, ní ọjọ́ 27, oṣù Kìíní, ọdún 2002, nígbà tí ilé ìkóhun-ìjà-pamọ́sí gbiná, tí èèyàn tó lé ní 1,000 kú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì rì sínú kánáàlì Òkè-Àfá níbi tí wọ́n ti ń sá àsálà. Ohun ìjà ológun ni, àmọ́ kì í ṣe ogun, nítorí náà W40 náà ló bá a mu nínú ìwé WHO. Ẹ̀dà tí Amẹ́ríkà tún ṣe fún ara wọn ní kóòdù ọ̀tọ̀, Y37, fún ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ogun tàbí aráàlú nínú ọgbà ológun tàbí níbi ìdánrawò nígbà tí kò sógun.

Ti Tudun Biri ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹni tó ń kọ kóòdù bá gba ọ̀rọ̀ pé àṣìṣe ni, ọwọ́ rẹ̀ lè lọ sí W40, ìyẹn jàm̀bá lásán. Bó bá ronú pé àwọn agbébọn tí ìjọba ń lé jẹ́ ọ̀daràn, ó lè lo Y35.1, èyí tó wà fún ohun abúgbàmù tí agbófinró tàbí ọmọ ogun tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lò nígbà tí wọ́n ń mú arúfin tàbí tí wọ́n ń pẹ̀tù sí rògbòdìyàn. Bó bá sì kà á sí ogun abẹ́lé, Y36.2 ni. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2021, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá kéde àwọn ẹgbẹ́ agbébọn náà gẹ́gẹ́ bí agbésùnmọ̀mí. Iṣẹ́ ológun ni wọ́n sì fi ń kojú wọn, pẹ̀lú bàálù àti bọ́ǹbù. Lójú tèmi, Y36.2 ló tọ́. Àṣìṣe kò yí irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe padà: ẹni tó ju bọ́ǹbù náà wà lẹ́nu ogun, bọ́ǹbù náà sì jẹ́ ti ogun, ibi tó balẹ̀ sí nìkan ló ṣì. Bí ilé ìwòsàn mẹ́ta bá yan kóòdù mẹ́ta, ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo á fọ́n ká sí ibi mẹ́ta nínú ìṣirò orílẹ̀-èdè, kò sì ní sí ẹni tó máa rí gbogbo rẹ̀ papọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ kan máa ń bẹ̀rù láti kọ ohun tó jọ mọ́ ológun sínú ìwé ìjọba. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé Y36.2 kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Kò bèèrè ẹni tó ni bọ́ǹbù. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2024, nígbà tí bàálù ológun kọlu abúlé Gidan Bisa àti Runtuwa ní ìjọba ìbílẹ̀ Silame, ìpínlẹ̀ Sokoto, tí èèyàn mẹ́wàá sì kú, iléeṣẹ́ ológun ní ohun ìjà tí àwọn agbébọn kó pamọ́ ló bú, tó sì pa wọ́n. Àwọn ará abúlé kò gbà. Àríyànjiyàn yẹn, ilé ẹjọ́ àti àwọn olùwádìí ló ni ín. Kóòdù Y36.2 náà kò ní yí padà lọ́nà méjèèjì.

Ó yẹ kí n wá sọ ohun tí bọ́ǹbù ń ṣe sí ara, nítorí ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọgbẹ́ tí a mọ̀. Nígbà tí bọ́ǹbù bá bú, afẹ́fẹ́ tó yí i ká á fún pọ̀ lójijì, á sì máa sáré lọ bí ògiri, á gba inú ara kọjá. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá wà nínú ara ló ń pa lára jù: etí, ẹ̀dọ̀fóró, ìfun. Awọ inú etí ló máa ń kọ́kọ́ ya. Ẹ̀dọ̀fóró ló léwu jù, nítorí awọ tín-ín-rín inú rẹ̀ á ya, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ro sínú ibi tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé ìwòsàn láìsí ọgbẹ́ kankan lójú, kó máa dá àwọn èèyàn lóhùn, kó tó di pé láàárín wákàtí mélòó kan, èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há, tó sì ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó wà nítòsí bọ́ǹbù, tí etí rẹ̀ ń dún tàbí tí kò gbọ́ràn mọ́, kò yẹ kí wọ́n dá a padà sílé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nítorí pé kò ṣẹ̀jẹ̀. Ìfun tó ti lu náà lè má fi ara hàn títí di ọjọ́ kejì, nígbà tí ikùn bá le, tí ibà sì dé.

Àfọ́kù irin, òkúta àti gíláàsì tó ń fò ló sì ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ léṣe. Lẹ́yìn èyí ni ti ẹni tí ìbúgbàmù gbé sọ mọ́ ògiri, ti iná, ti èéfín, àti ti ilé tó wó lu èèyàn. Ẹnì kan lè ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kóòdù tó wà nínú fáìlì rẹ̀ á sì tó mẹ́wàá bí wọ́n bá kọ ọ́ pé.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ̀jẹ̀ dá: kí wọ́n so apá tàbí ẹsẹ̀ náà le dan-in-dan-in lókè ojú ọgbẹ́, kí wọ́n sì kọ àkókò tí wọ́n so ó. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ dókítà tí kò rí ogun rí ti máa ń ṣìṣe. Bọ́ǹbù máa ń ti yẹ̀pẹ̀, aṣọ àti ìgbẹ́ ẹran wọnú ẹran ara lọ jìnnà. Bí wọ́n bá yára rán irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pa, ìdọ̀tí á há sínú, á sì di ọyún, á lè di ikú. Àwọn oníṣẹ́ abẹ Red Cross, tí ọgbẹ́ ogun ti di iṣẹ́ òòjọ́ wọn, máa ń la ọgbẹ́ náà, wọ́n á gé gbogbo ẹran tó ti kú kúrò, ìyẹn èyí tí kì í ṣẹ̀jẹ̀ bí a bá gé e, tí kì í sì í sún kì bí a bá fi irin mú un, wọ́n á fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ láìrán. Gọ́ọ̀sì tó nípọn ni wọ́n á kó bò ó. Ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni wọ́n á tó ṣí i padà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, bó bá sì mọ́, ìgbà náà ni wọ́n á rán an. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì àti oògùn tó ń pa kòkòrò á ti wọlé láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kì í ṣe gbogbo àfọ́kù irin ni wọ́n ń yọ. Èyí tí kò bá pa nǹkan kan lára lè wà níbẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ yìí kan náà ní ọ̀nà tiwọn láti kọ ọgbẹ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́fà. E ni fífẹ̀ ojú ibi tí àfọ́kù gbà wọlé ní sẹ̀ǹtímítà, X ni ti ibi tó gbà jáde. C ń bèèrè bóyá ihò náà gba ìka méjì kó tó di pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. F ni ti egungun, V ni ti ohun tí ẹ̀mí rọ̀ mọ́ nínú ara, M sì ni iye irin tí fọ́tò X-ray fi hàn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà, rúlà àti bírò ló sì ń fẹ́. Ó ń sọ bí ọgbẹ́ ṣe le tó, èyí tí kóòdù S kì í sọ, àmọ́ kò sọ ẹni tí aláìsàn náà jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ bí ó ṣe débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kan kò fi lè rọ́pò èkejì.

Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí ń fẹ́ yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà síni lára, àti òṣìṣẹ́. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kìíní, ọdún 2017, nígbà tí bàálù ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ìpínlẹ̀ Borno, kò sí ilé ìwòsàn kankan níbẹ̀ tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì àjọ Médecins Sans Frontières tó wà nínú àgọ́ náà ló dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kí hẹlikópítà tó kó àwọn tó fara pa lọ sí Maiduguri. Òṣìṣẹ́ Red Cross Nàìjíríà mẹ́fà kú níbẹ̀. Médecins Sans Frontières ní ó kéré tán èèyàn 90 ló kú. Aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ kan ní àwọn tí wọ́n sin ju 200 lọ. Iye méjèèjì jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ nítorí kò sí ìwé ikú tó péye tí a lè lọ wò. Nínú oṣù Keje ọdún náà, iléeṣẹ́ ológun ní ohun tó fà á ni pé kò sí àmì tó fi ibẹ̀ hàn gẹ́gẹ́ bí ibi tí àwọn aráàlú ń gbé.

Ti àwọn ọmọdé ló ń dùn mí jù. Ara wọn kéré, nítorí náà àfọ́kù kan náà máa ń ba ibi púpọ̀ jẹ́ nínú rẹ̀. Agbárí wọn kò tíì le, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní kò sì pọ̀ tó èyí tí wọ́n lè pàdánù. Bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ, egungun tó kù kò ní dẹ́kun láti máa dàgbà. Ó lè gun awọ jáde, kí wọ́n tún padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí wọ́n bá fún un máa kéré sí i ní bí oṣù mẹ́fà síra wọn nígbà tó bá ń dàgbà, nígbà tí ti àgbàlagbà lè lò tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ọmọ bẹ́ẹ̀ máa lò ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ kó tó di géńdé. A mọ irú ìtọ́jú yìí nílẹ̀ wa: ilé ìwòsàn egungun tó wà ní Ìgbóbì, Èkó, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1945 gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n rí i nígbà náà pé ẹni tó pàdánù ẹsẹ̀ lójú ogun nílò ibi tó máa padà sí lọ́dọọdún. Aráàlú tí ogun bá nínú abúlé rẹ̀ nílò rẹ̀ bákan náà.

ICD ní kóòdù fún ìpadàbọ̀ yìí: Y89.1, tó wà fún ohun tí ogun fi sílẹ̀ sára èèyàn lẹ́yìn tí ọgbẹ́ ti jiná. Bí ọmọ náà bá dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta pẹ̀lú egbò lójú ibi tí wọ́n gé, Y89.1 ló máa so ọjọ́ yẹn pọ̀ mọ́ alẹ́ Mọ́lúdì. Ṣùgbọ́n dókítà tuntun kò lè kọ ọ́ bí fáìlì àtijọ́ kò bá sọ nǹkan kan nípa bọ́ǹbù, pàápàá bó bá jẹ́ pé ilé ìwòsàn mìíràn ni ọmọ náà lọ.

Ohun kan wà nínú ẹ̀dà Amẹ́ríkà tó wù mí kí àwa náà rí bí a ṣe máa ní in. Àmì kẹfà nínú kóòdù Y36 wọn ń ya ọmọ ogun sọ́tọ̀ sí aráàlú: Y36.210 ni ti ọmọ ogun tí bọ́ǹbù láti òfurufú ṣe léṣe, Y36.211 sì ni ti aráàlú. Lẹ́tà tó bá tẹ̀ lé e ń sọ ibi tí ìtọ́jú dé: A fún ìgbà tí ìtọ́jú ọgbẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, D fún ìgbà tí ó ń jiná, S fún ohun tó fi sílẹ̀. Wọ́n tún ní kóòdù tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ohun tí afẹ́fẹ́ bọ́ǹbù ń ṣe sí etí, sí ẹ̀dọ̀fóró àti sí ìfun, wọ́n sì fi ti ọpọlọ kún un ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2021. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń fi iṣẹ́ kóòdù jẹun ní Amẹ́ríkà mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Nínú ICD-10 ti WHO, ṣọ́jà tó fara gbọgbẹ́ lójú ìjà àti ìyá àgbà tó jókòó síbi Mọ́lúdì, Y36.2 kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ́. Ilé ìwòsàn lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, aráàlú, kún fọ́ọ̀mù wọn láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Ní ti òfin, abala 20 nínú òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 kò gba ilé ìwòsàn láyè láti kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Òfin ọdún 2017 tún sọ pé kí wọ́n tọ́jú ẹni tí ìbọn bà láìbèèrè ìwé ọlọ́pàá. Ìbọn ni òfin èkejì dárúkọ, àmọ́ èkíní ti kó ẹni tí bọ́ǹbù bà pọ̀ mọ́ ọn. Kò sí èyí nínú méjèèjì tó sọ ẹni tó máa sanwó ẹsẹ̀ àtọwọ́dá lọ́dún karùn-ún, níbi tí ìlérí àwọn aláṣẹ tó wá kí wọn lábúlé ti sábà máa ń tán.

Nítorí náà, ẹni tí èèyàn rẹ̀ bá wà nínú irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, kí ó má ṣe gba ìwé ìdásílẹ̀ kó sì ká a sápò láìkà á. Kí ó wò ó bóyá ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ abúlé. Bí kò bá sí, kí ó fi ọ̀wọ̀ bẹ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kí wọ́n kọ ọ́ kí àwọn tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, nítorí ọjọ́ yẹn ni ẹni tó rí ọgbẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀ láti fọwọ́ sí i. Kí ó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ó fi ọ̀kan sọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú ẹbí.